Fọ́tò dúdú àti funfun ní aṣálẹ̀ Namib: òjìji ni kí ẹ máa wá

Fọ́tò òde ni mo ń yà jẹun n'Íbàdàn. Lóde ìgbéyàwó, àwọ̀ ti bá ayàwòrán ṣe ìdajì iṣẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ tó dé: gèlè pupa fòò, léèsì aláwọ̀ ewé, iyùn lọ́rùn ìyá ìyàwó. Ẹni tí kò mọ fọ́tò í yà rárá á rí nǹkan mú bọ̀. Aṣálẹ̀ Namib ní Nàmíbíà náà máa ń ṣe èèyàn lóore bẹ́ẹ̀. Irin tó wà lára iyanrìn ibẹ̀ ti dógùn-ún, òun ló sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú. Sánmà òkè rẹ̀ sì mọ́ kedere. Àmọ́ ẹ yọ àwọ̀ yẹn kúrò wò. Bí kò bá sí òjìji nínú fọ́tò náà, eérú lásán ló kù sí yín lọ́wọ́.

Oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ ni kí ẹ lọ. Ìgbà òtútù wọn nìyẹn, nítorí náà ẹ mú súwẹ́tà gidi dání. Òtútù ìdájí ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀yẹ́ tiwa. Ìdí tí mo fi yan àkókò yẹn ni pé oòrùn kì í gòkè jù. Lọ́sàn-án gangan nínú oṣù Kẹfà, kò tíì dé ìdajì ọ̀nà láàárín ilẹ̀ àti àtàrí, nítorí náà òjìji ṣì gùn dáadáa. Tó bá jẹ́ oṣù Kejìlá ni, àtàrí lóòrùn ń dúró sí, gbogbo òjìji á wá wọ abẹ́ ẹsẹ̀ lọ.

Ẹ̀bá Sesriem ni ẹnu ọ̀nà tó wọ ibi àwọn òkè iyanrìn ńláńlá náà. Láti Windhoek, olú ìlú wọn, nǹkan bíi kìlómítà 350 ni, títì olókùúta wẹ́wẹ́ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ má fi alẹ́ rìn ín. Níbí ni ọ̀rọ̀ owó ti wọlé. Ẹni tó bá sùn sínú géètì, ì báà jẹ́ inú àgọ́, wọ́n máa ń jẹ́ kó jáde lọ síbi àwọn òkè ní wákàtí kan kí oòrùn tó yọ. Ẹni tó sùn síta máa dúró títí oòrùn á fi yọ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún un, á sì tún wa ọgọ́ta kìlómítà kó tó dé Sossusvlei, ilẹ̀ amọ̀ tó wà láàárín àwọn òkè náà. Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ torí rẹ̀ wọkọ̀ òfuurufú ti lọ nígbà yẹn. Ibùsùn inú géètì wọ́n, ẹ san án. Ẹ lọ fi oúnjẹ ṣọ́wó ná, búrẹ́dì àti sàdíìnì kò pa ẹnikẹ́ni rí.

Nínú oṣù Kẹfà, aago méje ààbọ̀ kọjá díẹ̀ loòrùn ń yọ. Ẹ máa bá òkè iyanrìn kan lọ́nà tí wọ́n ń pè ní Dune 45, kìlómítà 45 tó fi jìnnà sí Sesriem ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Gbogbo èèyàn ló ń gun orí rẹ̀ láti lọ wo oòrùn. Èmi ò kì í bá wọn gùn ún. Isàlẹ̀, nítòsí títì, ni mò ń dúró sí pẹ̀lú lẹ́ǹsì gígùn tó ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ni, 70-200mm, tí mo bá sì lè ṣe é, mi ò ní fi sánmà kankan sínú fọ́tò. Bí oòrùn bá ti kan ẹ̀gbẹ́ kan òkè náà, ẹ̀gbẹ́ kejì á ṣú dùdù, ìlà tó pààlà sáàárín wọn á sì lọ́ wálẹ̀ láti ṣóńṣó. Ìlà yẹn gan-an ni fọ́tò. Ẹ máa tẹ̀ lé e lójú títí ẹ ó fi rí ibi tó ti yí dáadáa, ibẹ̀ ni kí ẹ gé sínú kámẹ́rà.

Ẹ fi èyí dán ara yín wò: ẹ wo òjìji tiyín nílẹ̀. Bó bá nà gbọọrọ síwájú yín, ẹ̀yìn yín loòrùn wà, òkè tó wà níwájú yín á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ yí padà. Apá ọ̀tún tàbí òsì ló yẹ kí oòrùn ti máa bọ̀. Tó bá jẹ́ àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí atẹ́gùn fà sójú iyanrìn lẹ fẹ́ yà, ẹ kúnlẹ̀, ẹ jẹ́ kí oòrùn wà níwájú yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìlà kọ̀ọ̀kan á gbé òjìji tirẹ̀ rù.

Kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ro ibi tí ẹ máa gbà. Ojú ẹsẹ̀ kò ṣeé nù kúrò lórí iyanrìn, bí ẹ bá sì fọwọ́ gbá a, ẹ tún bà á jẹ́ sí i ni. Ibi tí kò ní hàn nínú fọ́tò ni kí ẹ máa gbà.

Ní ti kámẹ́rà, RAW ni kí ẹ fi yà á, ìyẹn fáìlì tó ń tọ́jú gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí, ṣùgbọ́n ẹ yí àwòrán ojú rẹ̀ sí Monochrome. Ojú kámẹ́rà á máa fi dúdú àti funfun hàn yín, kò ní jẹ́ kí pupa iyanrìn tàn yín jẹ. Gbogbo àwọ̀ ṣì wà nínú fáìlì, ẹ ó sì nílò wọn tí ẹ bá délé. Tó bá jẹ́ JPEG, fáìlì fọ́tò lásán, nìkan lẹ fi yà á, ó máa da àwọ̀ yẹn nù. Ẹ fi ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó) sí 100, ihò lẹ́ǹsì sí f/11, kí ẹ sì gbé kámẹ́rà lé trípọ́ọ̀dù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán. Ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ń ràn sí ni kí ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí histogram, àtẹ tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ fọ́tò ṣe pọ̀ tó hàn lójú kámẹ́rà, sún mọ́ ìpẹ̀kun ọwọ́ ọ̀tún, kó má kàn án. Tí òjìji bá ṣú pátápátá, ẹ fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, Deadvlei. Kìlómítà márùn-ún tó kẹ́yìn ọ̀nà náà, iyanrìn jíjìn ni, ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà nìkan ló lè kọjá. Tí tiyín kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wọ ọkọ̀ tó ń kó èrò. Ẹ ó tún wá fẹsẹ̀ rin bíi kìlómítà kan. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ amọ̀ funfun tó ti sán, igi ẹlẹ́gùn-ún tó ti kú láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún dúró káàkiri lórí rẹ̀; ibẹ̀ gbẹ débi pé wọn ò lè jẹrà. Láàárọ̀, òkè tó wà níwọ̀ oòrùn ni ìmọ́lẹ̀ ń kọ́kọ́ bá, igi àti amọ̀ ṣì wà nínú òjìji òkè ìlà oòrùn. Àkókò kúkúrú yẹn ni kí ẹ máa ṣọ́. Ìmọ́lẹ̀ tó wà lára òkè ni kí ẹ wọ̀n, igi á dúdú kirikiri níwájú rẹ̀. Ẹ sún sọ́tùn-ún, ẹ sún sósì, títí ẹ̀ka igi kan ò fi ní dàpọ̀ mọ́ ti èkejì. Ẹ má fọwọ́ kan àwọn igi náà o, ẹ má sì jókòó lé wọn nítorí fọ́tò. Bó bá di ọ̀sán, ẹ dojú kámẹ́rà kọlẹ̀: òjìji ẹ̀ka lórí amọ̀ funfun tó iṣẹ́ ṣe.

Ẹ má pààrọ̀ lẹ́ǹsì lórí òkè iyanrìn. Inú ọkọ̀, pẹ̀lú wíńdò títì, ni wọ́n ti ń ṣe é. Inú ọ̀rá oníṣíìpù ni kámẹ́rà gbọ́dọ̀ máa wà tí ẹ ò bá lò ó. Bí iyanrìn bá bà lé lẹ́ǹsì, rọ́bà tó ń fẹ́ atẹ́gùn ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Ẹni tó bá fi aṣọ nù ún ti fá a.

Ẹni tó jẹ́ fóònù nìkan ló ní, kó tẹ ọwọ́ mọ́ ibi tó mọ́lẹ̀ jù lára iyanrìn lójú fóònù, kó sì fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Snapseed, áàpù tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe lórí fóònù, tó o láti fi parí iṣẹ́.

Nídìí kọ̀ǹpútà, ẹ yí fọ́tò sí dúdú àti funfun nínú Lightroom, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, kí ẹ wá máa fa àwọn ìlà àwọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé àwọ̀ ọsàn sókè, iyanrìn á mọ́lẹ̀. Ẹ fa búlúù wálẹ̀, sánmà á ṣú, òjìji náà á sì ṣú, nítorí sánmà ló ń tanná jù sí ibi tí oòrùn kò dé, búlúù ló sì pọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Fílítà pupa, gíláàsì aláwọ̀ tí wọ́n ń fi síwájú lẹ́ǹsì, làwọn àgbà tó fi fíìmù ṣiṣẹ́ máa ń lò fún iṣẹ́ yìí kan náà. Mo gbé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kan kọ́ ṣọ́ọ̀bù mi, oníbàárà kan wò ó títí, ó ní, "Àǹtí, ṣé íńkì yín ló tán ni?"

Búlúù yẹn, ẹ má fà á jù. Kí ẹ tó tẹ fọ́tò síta, ẹ sún ìlà tí òkè ti pàdé sánmà mọ́ra dáadáa. Bí ẹ bá rí okùn funfun tín-ínrín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàbí tí sánmà ti ń ṣe wórówóró bí iyanrìn, ẹ dá búlúù padà sókè díẹ̀díẹ̀ títí á fi lọ.