Àṣìṣe tó ń ba ẹ̀yìn àwọn awakọ̀ àti onízémìjàn (ọlọ́kadà) wa jẹ́

Ẹni tó bá ń na ọ̀nà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) sí Kétu ní ilẹ̀ Benin lójoojúmọ́ mọ ìrora tó ń bẹ̀rẹ̀ ní ìbàdí tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ sí itan. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ gbà pé àgbà ló ń dé, tàbí pé iṣẹ́ náà ló rí bẹ́ẹ̀. Èmi ò gbà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ṣeé yẹra fún.

Èyí tó burú jù ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti dúró. Dẹ́rẹ́bà á bọ́ sílẹ̀, á ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, á bẹ̀rẹ̀, á sì fa àpò àgbàdo jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Nǹkan rírọ̀ kan wà láàárín àwọn egungun ẹ̀yìn, bíi tìmùtìmù. Ìgbọ̀nrìrì ọkọ̀ ti ń tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀, iṣan tó yí i ká ti rẹ̀, kò sì tètè gba ẹrù mọ́. Ara ẹni tó jókòó ń gbọ̀n jù nígbà tí ìgbọ̀nrìrì bá tó bí ìgbà 4 sí 6 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, irú èyí tí ọkọ̀ ń gbé wá lórí ilẹ̀ pupa tó ti di gbágungbàgun. Ẹ rìn yí ọkọ̀ ká fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan ná, ẹ na ara, ẹ jẹ́ kí àwọn alágbàrù gbé ẹrù. Bó bá di dandan, ẹ tẹ orúnkún, ẹ fa àpò mọ́ àyà, ẹ má sì lọ́ ìbàdí nígbà tí ẹrù wà lọ́wọ́.

Ẹ yọ pọ́ọ̀sì kúrò lápò ẹ̀yìn ṣòkòtò. Owó àti ìwé ọkọ̀ tó ki níbẹ̀ ń gbé ìdí apá kan sókè láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ má sì na àga sẹ́yìn jù: orúnkún gbọ́dọ̀ ṣì ká díẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ìsàlẹ̀.

Ẹ̀yin onízémìjàn, èrò méjì pẹ̀lú ẹrù ń tì yín títí ẹ ó fi jókòó sórí táǹkì. Ẹ̀yìn á ká, orúnkún á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ á sì di irin mú pinpin kí ẹ má baà ṣubú. Ọwọ́ tó dì í mú bẹ́ẹ̀ ló ń gba gbogbo ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì, tí ìka fi ń kú tipiri lálẹ́. Owó èrò kejì yẹn kò tó ohun tó ń bàjẹ́.

Àwọn kan ń fẹ́ táyà le koko nítorí ẹrù, wọ́n á sì fi atẹ́gùn kan náà padà wálé lófìfo. Ẹ dín in kù sí ìwọ̀n tó yẹ. Amọ́tísọ̀, ìyẹn ohun tó ń mú kí ọkọ̀ má fò sókè sódò jù, bó bá ń jo òróró, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀nà bá ti bàjẹ́, ẹ dín eré.

Tramadol, oògùn apàrora yẹn, ńkọ́? Kò wo ẹ̀yìn sàn. Ó kàn ń bo ìrora mọ́lẹ̀ ni, ó ń kun èèyàn lóorun lórí ọkọ̀, ó sì ń di bárakú.

Bí abẹ́ tàbí àárín itan bá kú tipiri, bí ìtọ̀ kò bá ṣeé mú dúró tàbí tí kò jáde, tàbí tí ẹsẹ̀ ń yẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun yín lẹ́yìn tàbí fà á. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an.