Bí a ṣe ń ra ojúlówó ìwé adójútòfò ọkọ̀, àti bí ẹni tí ọkọ̀ kọlù ṣe lè gba ẹ̀tọ́ rẹ̀

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025 tí àwọn ọlọ́pàá Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé adójútòfò lọ́wọ́ awakọ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń rà á kí wọ́n lè ráyè kọjá níwájú ọlọ́pàá. Bẹ́ẹ̀ òfin tó sọ ìwé yìí di dandan ti wà láti ọdún 1945, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso ilẹ̀ wa, ẹni tí ọkọ̀ lè kọlù ni òfin náà sì ń rò: ìyá aláta tó ń sọdá títì, ọlọ́kadà tó dúró de iná, onílé tí ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ já yà wọ ọgbà rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń sanwó, wọn kò sì mọ̀ bóyá ojúlówó ni ìwé tí a rà tàbí ayédèrú, ṣùgbọ́n àwọn ni ayédèrú ìwé yóò pa lára. Ìdí nìyí tí àlàyé yìí fi wà fún ẹni tó ní ọkọ̀ àti fún ẹni tí kò ní, tó kàn ń fẹsẹ̀ rìn tàbí tó ń wọ dánfó.

Ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà

Èyí tó kéré jù lọ tí òfin gbà ni adójútòfò fún ẹni kẹta, tí àwọn awakọ̀ ń pè ní tádì páátì. Ẹni tó ni ọkọ̀ ni ẹni kìíní, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni ẹni kejì, ẹlòmíràn tí ọkọ̀ náà bá ṣe ní jàm̀bá sì ni ẹni kẹta. Bí ọkọ̀ yín bá ṣèèṣì pa ènìyàn tàbí tó ṣe é léṣe, ilé-iṣẹ́ náà ni yóò dúró fún yín láti san owó gbà-má-bínú. Bí ó bá jẹ́ dúkìá ló bàjẹ́, wọn yóò san án títí dé iye kan. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 tí àjọ NAICOM, tó ń ṣàkóso iṣẹ́ adójútòfò ní Nàìjíríà, ti ṣe àtúnṣe sí i, ₦15,000 ni wọ́n ń gbà lọ́dún lórí ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni, iye tó sì bo dúkìá ẹlòmíràn jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Ti kẹ̀kẹ́ Márúwá jẹ́ ₦5,000 fún mílíọ̀nù méjì, ti ọ̀kadà jẹ́ ₦3,000 fún mílíọ̀nù kan, ti ọkọ̀ akẹ́rù ńlá sì jẹ́ ₦100,000 fún mílíọ̀nù márùn-ún. Bí ẹnìkan bá ní òun yóò bá yín ṣe ti ayọ́kẹ́lẹ́ ní ₦5,000, ẹ fi í sílẹ̀.

Adójútòfò ẹni kẹta kò ní tún ọkọ̀ ti ẹ̀yin fúnra yín ṣe, kò sì ní san nǹkan kan bí olè bá gbé e tàbí bí iná bá jó o. Ẹni tó bá fẹ́ ìyẹn yóò ra èyí tó gbòòrò, tó ń bo ọkọ̀ tirẹ̀ náà, tí owó rẹ̀ sì ń tẹ̀lé iye tí ọkọ̀ náà tó. Lójú tèmi, mílíọ̀nù mẹ́ta kò fi bẹ́ẹ̀ tó nǹkan mọ́ ní ìlú tí jíìpù olówó iyebíye ti pọ̀ lójú títì tó báyìí. Bí ohun tí ọkọ̀ yín bà jẹ́ bá ju iye yẹn lọ, àpò ẹni tó ni ọkọ̀ ni èyí tó ṣẹ́kù yóò ti jáde. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ bóyá ẹ lè fi owó díẹ̀ kún un kí iye yẹn lè ga sí i.

Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tó tọ́

Ọ̀pọ̀ wa kì í ra ìwé adójútòfò rárá. Ṣe ni a máa ń bá a nínú pàtíkúlà. A ó kó owó lé ẹnìkan lọ́wọ́ nítòsí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe láísẹ́ńsì, yóò lọ, yóò sì kó ìwé bíi mélòó kan dé nínú náílọ́ọ̀nù, ọ̀kan nínú wọn yóò sì ní orúkọ ilé-iṣẹ́ adójútòfò tí a kò bá sọ̀rọ̀ rí. Orúkọ ilé-iṣẹ́ náà lè jẹ́ òótọ́, kí ó sì jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ni wọ́n ti tẹ ìwé náà. Kí èyí má baà ṣẹlẹ̀, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ náà tàbí ojúlé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra yín, tàbí kí ẹ lo alágbàtà tí NAICOM fún ní ìwé àṣẹ, kí ẹ sì san owó sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́, kí ó má ṣe jẹ́ ti ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ gba rìsíìtì. Ìgbà tí owó bá wọlé ni ààbò ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ òfin. Ẹni tó bá ṣèlérí pé òun yóò san án lópin oṣù kò tíì ní adójútòfò kankan.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù, ẹ kọ orúkọ bí ó ṣe wà lára ìwé ọkọ̀, kí ẹ sì rí i pé nọ́ńbà ọkọ̀ àti nọ́ńbà ṣáásì kò ṣì. Ìbéèrè tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni èyí tó bá ohun tí ẹ ń fi ọkọ̀ ṣe lọ. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ ṣe kábúkábú ní ìrọ̀lẹ́, tàbí tó ń gbé èrò nípasẹ̀ Bolt tàbí Uber, kò gbọdọ̀ kọ ọ́ pé ìlò ara òun nìkan ni, nítorí ilé-iṣẹ́ lè di ìdáhùn yẹn mú lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbé e sínú ọkọ̀

Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò, NIA, ní àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní NIID, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń kó orúkọ gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n dójú tòfò fún sí. Ẹ lọ sí askniid.org lórí fóònù, ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ yín síbẹ̀, kí ẹ sì wo ohun tí yóò gbé jáde: orúkọ ilé-iṣẹ́, nọ́ńbà ìwé, ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí. Bí kò bá rí ọkọ̀ yín, ẹ má ṣe dúró títí ọlọ́pàá yóò fi sọ fún yín. Ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìwé, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sí wọn. Bí wọ́n bá ní àwọn kò mọ̀ ọ́n, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn, kí ẹ tún òmíràn rà lọ́jọ́ náà gan-an.

Òfin ààbò ló ń ṣíwájú

Ẹ̀yìn ìgbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́ ni adójútòfò ń ṣiṣẹ́. Kí nǹkan má baà bàjẹ́ rárá ni a ṣe ní òfin ìrìnnà. Nígbà tí ikú ojú pópó ń pọ̀ jù, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1977, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì wà lára àwọn tó léwájú níbẹ̀. Ní ọdún 1988 tí ìjọba àpapọ̀ dá FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti gbogbo Nàìjíríà, sílẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Bẹ́líìtì, eré tó níwọ̀n, iná ẹ̀yìn tó ń tàn, láísẹ́ńsì tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá: gbogbo wa la mọ ìwọ̀nyí.

Èyí tí a kì í sábà wò ni ọjọ́ orí táyà. Ẹ wá lẹ́tà DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ọ̀wọ́ náà ló ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Bí ẹ bá rí 2321, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2021 ni. Ọdún mẹ́rin ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó wa máa ń sọ pé kí táyà má kọjá, bí ó tilẹ̀ ń dán bíi tuntun, torí pé rọ́bà máa ń gbó níbi tó bá wà lásán. Táyà tòkunbọ̀ tí ẹ rà lánàá lè ti lo iye ọdún yẹn kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ ka nọ́ńbà náà lójú ẹni tó ń tà á, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Bí ọkọ̀ yín bá kọlu ènìyàn tàbí nǹkan

Ẹ dúró. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé àmì onígun mẹ́ta sẹ́yìn ọkọ̀ ní ibi tó jìnnà díẹ̀, kí ẹ sì pe 122 ti FRSC tàbí 112. Ẹni tó farapa ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ọ̀rọ̀ ẹni tó jẹ̀bi lè dúró. Bí èrò bá ti ń pọ̀ tí wọ́n sì ń fa ìbínú yọ, tí ẹ̀mí yín wà nínú ewu, ẹ lọ tààrà sí àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ jù láti fi ara yín hàn, kí a má baà sọ pé ẹ sá.

Ẹ ya fọ́tò ibi tí ọkọ̀ dúró kí ẹnikẹ́ni tó sún un, ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà àwọn tó rí i, kí ẹ sì kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò yín kíákíá. Ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé kankan pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi, ẹ má sì ṣe ṣèlérí iye owó lójú títì, nítorí ó wọ́pọ̀ kí ìwé adójútòfò sọ pé oníbàárà kò gbọdọ̀ gba ẹ̀bi láìjẹ́ pé ilé-iṣẹ́ mọ̀ sí i. Mo mọ̀ pé àṣà wa ni kí àgbàlagbà kan dá sí i, kí ó ní kí a yanjú rẹ̀ níbẹ̀ kí oníkálukú máa lọ. Kò burú bí ó bá jẹ́ iná ẹ̀yìn ló fọ́, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fi orí gbá ilẹ̀, ara rẹ̀ lè máa yá lónìí kí ó sì dá a gúnlẹ̀ lọ́la, ₦20,000 tí a fún un lójú títì kò sì ní gbé e dé ibi kankan.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ọkọ̀ kọlù

Apá yìí ni àwọn ènìyàn kò mọ̀. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, àwọn èrò inú ọkọ̀ akérò, àwọn tí ọkọ̀ ba ṣọ́ọ̀bù wọn jẹ́, gbogbo wọn ló lè béèrè owó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò ẹni tó jẹ̀bi, bí wọn kò tilẹ̀ san kọ́bọ̀ fún ilé-iṣẹ́ náà rí. Nọ́ńbà ọkọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo rẹ̀. Bí ẹ kò bá lè dìde, ẹ ní kí ẹlòmíràn ya fọ́tò nọ́ńbà náà kí ọkọ̀ tó kúrò, nítorí nọ́ńbà yìí kan náà ni ẹ ó fi wo askniid.org, tí yóò sì sọ ilé-iṣẹ́ tí ẹ ó kọ̀wé sí. Ẹ kò nílò kí awakọ̀ fún yín láyè kí ẹ tó wò ó.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá, kí ẹ sì béèrè ìwé ìròyìn wọn, nítorí ó ṣòro kí ilé-iṣẹ́ dá yín lóhùn láìrí i. Ẹ máa kó rìsíìtì pamọ́ láti ọjọ́ kìíní: káàdì ilé-ìwòsàn, oògùn, fọ́tò egungun, owó ọkọ̀ tí ẹ fi ń lọ gba ìtọ́jú, àti ìwé láti ibi iṣẹ́ tó fi iye ọjọ́ tí ẹ kò lè ṣiṣẹ́ hàn. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ló bàjẹ́, ẹ gba iye owó àtúnṣe ní kíkọ lọ́wọ́ mẹkáníìkì, ẹ má sì ṣe tún un ṣe kí ilé-iṣẹ́ tó rán ẹni tí yóò wò ó wá. Bí ẹni náà bá kú, ẹbí ni yóò béèrè, wọn yóò sì nílò ìwé ẹ̀rí ikú àti ìwé ilé-ẹjọ́ tó fi hàn pé àwọn ni wọ́n láṣẹ láti bójú tó ohun tó fi sílẹ̀.

Ẹ wá kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ kọ ọjọ́, ibi, nọ́ńbà ọkọ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ àti iye tí ẹ ń béèrè, ẹ fi ẹ̀dà àwọn ìwé wọ̀nyí kún un, ẹ di ojúlówó wọn mú, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà lẹ́tà yín pé àwọn ti gbà á. Bí wọ́n bá gbà láti sanwó, wọn yóò gbé ìwé kan wá tó sọ pé ẹ ti gba iye báyìí, ẹ kò sì ní béèrè nǹkan kan mọ́. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ sọ bóyá ìtọ́jú ti parí, torí pé lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, kò sí bí ẹ ṣe lè padà wá sọ pé ẹsẹ̀ ṣì ń dùn yín. Bí wọ́n bá dákẹ́, tàbí tí wọ́n ń sọ pé ẹ padà wá lọ́la, ẹ kọ̀wé ẹ̀sùn sí NAICOM, kí ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ yẹn mọ́ ọn. Agbẹjọ́rò ló kù lẹ́yìn ìyẹn; ẹ ní kí ó fi ọ̀rọ̀ náà tó ilé-iṣẹ́ adójútòfò létí ní kíkọ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má baà sọ ní kóòtù pé àwọn kò gbọ́.

Bí ẹ bá ń gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá

Ìwé adójútòfò Nàìjíríà lásán kò bo ọkọ̀ yín ní Kùtọnu tàbí ní Lomé. Àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Kùtọnu ní oṣù karùn-ún ọdún 1982, láti inú èyí tí káàdì aláwọ̀ búráùn ti jáde, ìyẹn káàdì tó ń mú kí adójútòfò tí ẹ rà nílé ṣiṣẹ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè yòókù tó wà nínú àdéhùn náà. Ilé-iṣẹ́ tó bá ṣe ìwé fún yín ní ilé ni yóò fún yín ní káàdì náà. Bí ọkọ̀ yín bá kọlu ẹnìkan ní Pọ́tónófò, ọ́fíìsì ètò káàdì náà ní orílẹ̀-èdè Benin ni yóò bójú tó ẹni náà lábẹ́ òfin ibẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ tiyín tó wá san án padà. Ọjọ́ tí ìwé ti ilé bá parí, agbára káàdì náà parí pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà ẹ fi ọjọ́ méjèèjì wéra kí ẹ tó gbéra.