Bí A Ṣe Ń Bá Ẹ̀yìn Ríro Ọlọ́jọ́ Pípẹ́ Gbé Nígbà Tí Èsì Àyẹ̀wò Kò Tíì Jáde

Ẹ̀yìn tó bá ti ń dun ènìyàn ju oṣù mẹ́ta lọ ni àwọn dókítà ń kà sí ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́. Àwọn tó ń jẹ irú ìyà yìí kò kéré: Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò pé ní ọdún 2020, àwọn tí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń dùn ní gbogbo ayé tó mílíọ̀nù 619, kò sì sí àìsàn tó ń dá ènìyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ tó o. Síbẹ̀, ohun tó máa ń tán ọ̀pọ̀ ènìyàn ní sùúrù ni àwọn ọjọ́ tó wà láàárín ìgbà tí wọ́n ya àwòrán ẹ̀yìn tàbí tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ àti ìgbà tí èsì yóò jáde. Wọn a pa gbogbo nǹkan tì lásìkò náà. Wọn kò ní rìn, wọn kò ní bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn a ní ó di ìgbà tí èsì bá sọ̀rọ̀. Àṣìṣe ni, nítorí pé èyí tó pọ̀ jù nínú ìtọ́jú ẹ̀yìn ni a lè bẹ̀rẹ̀ láìtíì rí èsì kankan.

Àmọ́ ṣá, àwọn àmì kan wà tí kò gba sùúrù rárá. Bí abẹ́ àti àárín itan bá kú, tí ẹ kò mọ̀ ọ́n lára nígbà tí ẹ bá ń nu ìdí, bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde tàbí tó ń dà láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, bí ẹ kò bá lè mú ìgbẹ́ dúró mọ́, tàbí bí ẹsẹ̀ kan tàbí méjèèjì bá ń rọ sí i, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ló kàn lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà jẹ́ òru. Ó lè jẹ́ pé nǹkan ti há ìdì iṣan ìmọ̀lára tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn mọ́, bí wọn kò bá sì tètè tú u sílẹ̀, ìpalára náà lè di ti ayérayé. Bákan náà, bí ibà bá bá ẹ̀yìn ríro náà rìn, bí ẹ bá ń rù láìnídìí, bí ìrora bá ń le sí i lóru tí kò sì rọlẹ̀ bó ti wù kí ẹ dùbúlẹ̀, bí ẹ bá ṣubú lulẹ̀ gidigidi, tàbí bí ẹ bá ti ní àrùn jẹjẹrẹ rí, ẹ pe dókítà yín láìdúró de ọjọ́ tó dá fún yín.

Kí ẹ tó kúrò níbi àyẹ̀wò ni ó ti yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ètò ìdúró yìí. Ẹ béèrè ẹni tí yóò ka èsì náà, ẹni tí wọn yóò fi ránṣẹ́ sí, ọ̀nà tí yóò gbà dé ọ̀dọ̀ yín, ọjọ́ tó yẹ kó dé, àti nọ́ńbà tí ẹ lè pè bí ọjọ́ náà bá kọjá. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níwájú wọn níbẹ̀. Ẹni tó ń ya àwòrán kì í sábà jẹ́ ẹni tó ń túmọ̀ rẹ̀. Dókítà mìíràn ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò kọ ìròyìn, tí yóò sì fi ránṣẹ́ sí dókítà yín. Nítorí náà, bí ẹni tó ya àwòrán bá dákẹ́ tàbí tí ojú rẹ̀ le, ẹ má ṣe gbé ìyẹn wá sílé láti máa fi da ara yín láàmú. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ní kó dákẹ́. Bí ọjọ́ àdéhùn bá sì kọjá láìsí ìròyìn, ẹ má ṣe sọ pé nítorí pé kò sí ewu ni wọn kò fi pè. Èsì máa ń há sórí tábìlì ẹnìkan tàbí sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì béèrè orúkọ ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀.

Ó tún dára kí ẹ mọ ohun tí àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan lè sọ. Àwòrán X-ray ń fi eegun hàn, ṣùgbọ́n kì í fi iṣan ìmọ̀lára hàn, kì í sì í fi dísíìkì hàn, èyíinì ni tìmùtìmù rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn kan àti èkejì. MRI, àwòrán tí wọ́n ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì yà, ló ń fi àwọn wọ̀nyí hàn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bíi ESR àti CRP lè sọ pé nǹkan kan ń bá ara jà, ṣùgbọ́n kò lè tọ́ka sí ibi tó wà.

Nígbà ìdúró yìí, ẹ ní ìwé kékeré kan. Láàárọ̀ àti lálẹ́ nìkan, ẹ fún ìrora náà ní òǹkà láti 0 dé 10, kí ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe lọ́jọ́ náà, bóyá ìrora náà dúró sí ẹ̀yìn tàbí ó sọ̀ kalẹ̀ kọjá orúnkún, àti bí ó ti pẹ́ tó kí ẹ̀yìn tó gan láàárọ̀ tó rọ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ: ẹ̀yìn tó ń gan ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ láràárọ̀, tó sì ń rọ̀ bí ẹni náà bá ti ń rìn, lè mú kí dókítà ronú kan àrùn oríkèé kan tó yàtọ̀ sí ẹ̀yìn ríro lásán. Ẹ má ṣe máa ṣírò ìrora náà ní wákàtí wákàtí, nítorí ohun tí a bá ń ṣọ́ tọ̀sán tòru a máa dà bí ẹni pé ó ń dàgbà.

Ní ti ara fúnra rẹ̀, ìdùbúlẹ̀ kì í ṣe oògùn ẹ̀yìn. Nígbà kan rí, àwọn dókítà máa ń ní kí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Wọ́n ti pa ìmọ̀ràn yẹn tì, nítorí pé iṣan tí a kò lò ń rẹ̀wẹ̀sì, ẹ̀yìn tí a kò sì mi ń gan sí i. Ìrìn ẹsẹ̀ ló rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà, tí wọ́n sì gbé jáde ní ọdún 2024, fi hàn pé láàárín àwọn tí ẹ̀yìn ríro wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, àwọn tí wọ́n fi sí ètò ìrìn àti ẹ̀kọ́ lo nǹkan bí ọjọ́ 208 kó tó padà wá, nígbà tí àwọn tí kò sí nínú ètò náà lo nǹkan bí ọjọ́ 112. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba tí ẹ lè ṣe, kódà bó jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ sì máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Bí ìrora bá lé díẹ̀ nígbà tí ẹ ń rìn, tó sì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, kò túmọ̀ sí pé ẹ ti ṣe ara yín léṣe. Ọjọ́ tí ara bá yá gan-an ni kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí ọjọ́ náà ni ènìyàn máa ń fẹ́ ṣe gbogbo iṣẹ́ tó ti kó jọ, tí yóò sì fi ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e kérora.

Dídìde lórí ibùsùn náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ má ṣe gbé orí àti àyà sókè lójijì. Ẹ ká orúnkún méjèèjì, kí ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan kí èjìká àti ìbàdí jọ yí pọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ bọ́ sílẹ̀ létí ibùsùn bí ẹ ti ń fi ìgúnpá àti àtẹ́lẹwọ́ ti ara yín sókè. Ẹ jókòó díẹ̀ kí ẹ tó dúró. Ní ti oorun, ìrọ̀rí láàárín orúnkún fún ẹni tó ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, tàbí lábẹ́ orúnkún fún ẹni tó ń fẹ̀yìn lélẹ̀, máa ń dín ìfàro kù.

Ìlànà tí WHO gbé jáde ní ọdún 2023 kò fọwọ́ sí dídi ìgbànú mọ́ ẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú, bẹ́ẹ̀ ni kò fọwọ́ sí àwọn oògùn ìrora líle tó jẹ́ ẹ̀yà opioid, irú èyí tí tramadol jẹ́. Ibuprofen àti àwọn ojúgbà rẹ̀ lè ran àwọn kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n lè dá ọgbẹ́ sí inú, wọ́n lè ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru burú sí i. Ẹ má ṣe lo ibuprofen àti diclofenac pọ̀, nítorí iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe.

Ìdààmú ọkàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ kan nínú gbogbo èyí. Àìsùn àti ìfòyà ń mú kí iṣan le, wọ́n sì ń mú kí ara tètè gbọ́ ìrora, nítorí náà ẹ ní ìdí láti tọ́jú ọkàn bí ẹ ti ń tọ́jú ẹ̀yìn. Ẹ yan ìdajì wákàtí kan lójúmọ́, kó má ṣe jẹ́ àsìkò oorun, tí ẹ ó fi ronú kan èsì náà, tí ẹ ó sì kọ ìbéèrè yín sílẹ̀. Bí èrò náà bá wá nígbà mìíràn, ẹ sọ fún un pé àkókò rẹ̀ kò tíì tó. Ẹ sinmi wíwá àmì àìsàn yín kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì lóru. Ẹ sì sọ fún àwọn ará ilé ohun tí ẹ fẹ́, nítorí ẹni tó ń béèrè ní gbogbo ìgbà pé “ṣé èsì ti dé?” rò pé àánú lòun ń ṣe.

Nígbà tí ìwé èsì bá dé, ẹ má ṣe kà á bí ìdájọ́. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2015, tó kó àwòrán àwọn tí ẹ̀yìn kò dùn rárá jọ, rí i pé dísíìkì yọ síta ní nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 àwọn ẹni ogún ọdún, àti ní ìdá 84 nínú 100 àwọn ẹni ọgọ́rin ọdún. Ọ̀rọ̀ tó bani lẹ́rù nínú ìwé náà lè jẹ́ ohun tí ọjọ́ orí fà lásán, bẹ́ẹ̀ sì ni èsì tí kò rí nǹkan kan kò sọ pé irọ́ ni ìrora yín. Ẹ mú ẹnìkan dání lọ sọ́dọ̀ dókítà kí etí méjì lè gbọ́ ọ, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: ṣé ohun tí wọ́n rí bá ibi tó ń dùn mí mu, kí ni yóò yí padà nínú ìtọ́jú mi, kí sì ni a ó ṣe bí kò bá yí nǹkan kan padà? Kí ẹ tó jáde, ẹ gba ẹ̀dà ìròyìn náà àti ti àwòrán fúnra rẹ̀ pa mọ́, nítorí bí wọ́n bá tún ya òmíràn lọ́jọ́ iwájú, èyí ni wọn yóò fi wé e.