Ohun Tí Kò Yẹ Kí Ẹ Ṣe Tí Ẹ Bá Ń Fi Kipchoge Ṣe Àwòkọ́ṣe

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ní ìlú Vienna, Eliud Kipchoge, asáré ọmọ Kẹ́ńyà, sá eré marathon ní wákàtí 1, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40. Kìlómítà 42 ó lé díẹ̀ ni. Wọn ò kà á mọ́ àkọsílẹ̀ àgbáyé, torí àwọn asáré mìíràn ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn lójú ọ̀nà kí wọ́n lè máa gba atẹ́gùn dúró fún un, òfin ìdíje ò sì gba ìyẹn. Síbẹ̀, fídíò ọjọ́ náà ò yé ru èèyàn sókè. Ẹni tí kò ti sáré láti ilé ìwé á wò ó lálẹ́, á pinnu, á jí ní ìdájí, á wá máa sáré bíi pé ajá ń lé e. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, orúnkún ti ń dùn ún, bàtà tuntun sì ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Àwọn èèyàn á ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Èmi ò gbà. Ohun tó rí nínú fídíò ló ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ohun tí fídíò ò fi hàn pọ̀ ju èyí tó fi hàn lọ.

Sísọ gbogbo ọjọ́ di ọjọ́ ìdíje

Èyí ló ń ba nǹkan jẹ́ jù, torí náà ẹ jẹ́ ká pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀. Ní Kaptagat, lórí òkè ní Kẹ́ńyà, níbi tí Kipchoge ti ń gbára dì lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀, Patrick Sang, ọjọ́ díẹ̀ ni iṣẹ́ líle ń wáyé láàárín ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ kan wà fún eré kíkankíkan lórí pápá, ọjọ́ kan wà fún eré gígùn tó máa ń tó kìlómítà 30 tàbí 40, ọjọ́ kan sì wà tí wọ́n ń sáré gan-an fún ìgbà díẹ̀, tí wọ́n á tún dẹwọ́. Eré wọ́ọ́rọ́wọ́ ni ìyókù. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ pé òun kì í lo gbogbo agbára òun tán nígbà ìgbaradì. Ọjọ́ ìdíje lòun ń fi ìyẹn pamọ́ dè.

Kì í sì í ṣe òun nìkan. Stephen Seiler, onímọ̀ nípa eré ìdárayá tó ń ṣiṣẹ́ ní Norway, yẹ bí àwọn ọ̀gá nínú oríṣiríṣi eré ṣe ń gbára dì wò, títí kan àwọn tó ń fi àjẹ̀ tukọ̀ àti àwọn asáré. Ohun tó rí ni pé nínú ìgbà 10 tí wọ́n bá jáde, nǹkan bí ìgbà 8 ló jẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ la máa ń yí i padà: ojoojúmọ́ là ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ọjọ́ tó yẹ kó le bá wá dé, a ò lágbára kankan mọ́.

Ìdí tí èyí fi léwu ni pé ara kì í lágbára ní ìwọ̀n kan náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe dáadáa sí i. Egungun àti àwọn iṣan tó so ẹran ara mọ́ egungun máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, wọ́n lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Mímí yín á ti ní kẹ́ ẹ máa lọ nígbà tí gìgísẹ̀ àti ojúgun ò tíì ṣe tán. Ibẹ̀ ni ìrora ti ń wọlé. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ló bá mu jù lójú tèmi.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé eré yín rọlẹ̀ tó? Ẹ sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá lè sọ odindi gbólóhùn láìdúró mí, ẹ wà níbi tó yẹ. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ ń já sọ, ẹ dẹwọ́. Fún ẹlòmíì, ìrìn kíákíá ni ìyẹn túmọ̀ sí, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Dídúró de ìtara

Mo máa ń gbọ́ kí èèyàn sọ pé, "Ká ní mo ní ìtara tí àwọn yẹn ní ni." Ẹ wo bí Kipchoge ṣe ń gbé. Ó ti di olówó, ó ní ìdílé, síbẹ̀ láti ọdún pípẹ́ ló ti máa ń fi ilé sílẹ̀ lọ gbé ní àgọ́ láàárín ọ̀sẹ̀, tó bá di òpin ọ̀sẹ̀ ló ń padà sọ́dọ̀ ìyàwó àti àwọn ọmọ. Nínú àgọ́ yẹn, gbogbo wọn ló ń pín iṣẹ́ ilé ṣe, òun náà ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n mọ aago tí wọ́n ń jáde láàárọ̀, ọ̀pọ̀ asáré sì ń dúró de ara wọn. Lọ́jọ́ tí kò bá wù ú, àwọn tó kù ti wọ bàtà.

Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé ó ṣètò ayé rẹ̀ débi pé kò ní láti máa bi ara rẹ̀ léèrè láràárọ̀ bóyá ó wu òun. Àgọ́ ò sí fún wa, àmọ́ a lè yan aago kan, ká so ó mọ́ ohun tí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ (gbàrà tá a bá ti sọ ọmọ sílẹ̀ ní ilé ìwé, fún àpẹẹrẹ), ká sì wá ẹnì kan tó máa béèrè wa bí a ò bá yọjú. Kipchoge tún máa ń kọ iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ìlà kan ti tó.

Àṣìṣe kan tún wà tó ń tẹ̀ lé èyí: èrò pé ọjọ́ 21 ni nǹkan fi ń mọ́ni lára. Nígbà tí Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì UCL ní Lọ́ńdọ̀nù wádìí èyí, ó gba àwọn kan ní ọjọ́ 18, wọ́n fojú bù ú pé ó lè gba àwọn mìíràn tó 254, ti ẹni tó wà láàárín sì jẹ́ 66. Wọ́n rí i pẹ̀lú pé títàsé ọjọ́ kan ò ba nǹkan jẹ́. Ẹni tó bá tàsé Mọ́ńdè tó wá ní ọ̀sẹ̀ yẹn ti bàjẹ́, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun máa tún bẹ̀rẹ̀, ti fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọjọ́ kan di méje.

Fífi gbogbo ọkàn rọ̀ mọ́ nọ́ńbà kan

Kí Tobi Amusan tó sáré 100 mítà onídènà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní Oregon lóṣù Keje ọdún 2022, tí àkọsílẹ̀ àgbáyé di tirẹ̀, ipò kẹrin ló ṣe ní Doha lọ́dún 2019, ipò kẹrin náà ló tún ṣe ní Òlíḿpíìkì Tokyo. Ẹ̀ẹ̀mejì léraléra lẹ́yìn àwọn tó gba àmì ẹ̀yẹ! Kipchoge náà ò rí ààyè nínú ikọ̀ Kẹ́ńyà fún Òlíḿpíìkì 2012. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló bọ́ sórí marathon. Ká ní góòlù nìkan ló ń gbé wọn dìde láàárọ̀ ni, wọn ì bá ti jókòó.

Rírí nọ́ńbà náà gbà pàápàá ò ní kí ìṣòro tán. Michael Phelps, òmùwẹ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tó gba góòlù Òlíḿpíìkì 23, ti sọ ní gbangba pé lẹ́yìn ìdíje 2012, òun ti ara òun mọ́ yàrá, kò sì wu òun láti wà láàyè mọ́.

Torí náà, ẹ má gun òṣùwọ̀n láràárọ̀. Omi ara nìkan lè gbé e sókè tàbí kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ẹ ka ohun tó wà níkàáwọ́ yín: ẹ̀ẹ̀melòó lẹ jáde lọ́sẹ̀ yìí? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n, kó sì ṣe èyí tó ń fún iṣan lókun lọ́jọ́ méjì, ó kéré tán. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀ ti wọ inú rẹ̀.

Bàtà àti ìdájí

Bàtà tó ní ohun pẹlẹbẹ líle tí wọ́n fi kábọ́nù ṣe nínú, ìdíje ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ò nílò rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń sùn ní aago kan òru, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi jíjí aago márùn-ún sílẹ̀.

Kíka ìsinmi sí ìwà ọ̀lẹ

Lẹ́yìn marathon, Kipchoge máa ń sinmi ní ti gidi kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ti Simone Biles, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣe eré jimináásíìkì (eré títàkìtì), le ju ìyẹn lọ: ní Tokyo, kò mọ ibi tí ara rẹ̀ wà mọ́ tó bá ti fò sókè, ó sì yọ ara rẹ̀ kúrò láàárín ìdíje. Wọ́n bú u gan-an. Ní Paris lọ́dún 2024, góòlù mẹ́ta àti fàdákà kan ló gbé lọ sílé.

Ẹ máa ṣọ́ ara yín. Bí ọkàn yín bá ń yára lù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tẹ́ ẹ jí, tí oorun ò dùn, tí ọ̀nà tẹ́ ẹ ti ń sá tẹ́lẹ̀ wá ń wúwo, ẹ fi ọjọ́ méjì sinmi. Bí ibà bá ń ṣe yín, ẹ má sáré rárá, torí àìsàn lè kó wọ iṣan ọkàn. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìdajì ohun tẹ́ ẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀; bí àyà bá ń dùn yín tàbí òòyì ń kọ́ yín lẹ́nu eré, ẹ dúró níbẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn.