Bí ẹ ṣe lè mú ọmọ ọdún 14 padà sídìí oúnjẹ ilé láìjà

Nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 14, ó ní òun ò jẹ iyán mọ́. Nínú ilé wa l'Ádó-Èkìtì! Mo pariwo títí, kò gbọ́. Ọjọ́ tí mo pàdé rẹ̀ lọ́nà ilé-ìwé ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi: gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń bọ̀, bisikíìtì àti mínírà ló wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ara yín wò. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kíyè sí ohun tí ẹ̀yin àti bàbá ọmọ ń jẹ lójú rẹ̀. Bí bàbá bá ń fi mínírà ti òkèlè lálaalẹ́, ẹ má retí pé omi ni ọmọ yóò máa mu. Ìgò 50cl kan lè ní ṣúgà tó ju ṣíbí tíì 10 lọ. Àwa ò ṣòfin kankan o, a kàn dẹ́kun rírà á wálé ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú oúnjẹ kan lóòjọ́ tí gbogbo ilé yóò jọ jẹ, láìsí fóònù nítòsí. Ẹ má mẹ́nu ba èsì ìdánwò níbẹ̀. Ẹ má sì sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ rárá, mo bẹ̀ yín. Ọmọbìnrin tí wọ́n bá ń pè ní "orobo" nídìí àwo lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ebi pa ara rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbà tó ń ṣe nǹkan oṣù yìí gan-an ni ara rẹ̀ nílò ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹran àti ẹja, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dín lára rẹ̀.

Èyí tó ṣiṣẹ́ jù fún wa ni pípe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ní kó mú àwọn mẹ́ta wá. Mo se iṣu, mo gbé odó síta, mo kó ọmọ odó lé wọn lọ́wọ́. Bí ti ọ̀kan ṣe ń lọ sókè ni ti èkejì ń balẹ̀, òógùn bò wọ́n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín ara wọn. Mo ti ro ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti ẹja gbígbẹ sílẹ̀. Èyí tó ga jù nínú wọn nu àwo mọ́ tónítóní, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀fọ́ ṣì kù?" Ọmọ mi wò ó, ó wo àwo tirẹ̀, ó bu òkèlè. N kò bẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ náà.

Ó ku ti ilé-ìwé. Ẹ má fòfin de bisikíìtì pátápátá, torí ọmọ ò fẹ́ dá yàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́. Ìkọ̀kọ̀ ni yóò ti máa jẹ ẹ́. Ẹ jọ jókòó, kí òun fúnra rẹ̀ yan ọjọ́ tí yóò máa rà á. Láwọn ọjọ́ yòókù, ẹ di ọ̀lẹ̀lẹ̀ fún un, tàbí ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹyọ kan kò tó: méjì ni kí ẹ dì, ọ̀kan tirẹ̀, ọ̀kan ti ọ̀rẹ́ rẹ̀.