Bí a ṣe ń tún ògiri amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ṣe

Púpọ̀ nínú ilé àtijọ́ ìlú Ìbàdàn, láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba títí dé Kúdẹtì, amọ̀ ni wọ́n fi mọ wọ́n, kí wọ́n tó wá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ wọn lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá rí i pé ìsàlẹ̀ ògiri wú, tí sìmẹ́ǹtì ń ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, tí amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti di ẹ̀tù, ẹ má tíì ní kí bíríkìlà po sìmẹ́ǹtì mìíràn. Sìmẹ́ǹtì yẹn gan-an wà lára ohun tó ń pa ògiri náà.

Amọ̀ a máa fa omi láti ilẹ̀, bí oòrùn bá sì mú, omi náà á gbẹ kúrò lára rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kó ráyè jáde. Omi á há sẹ́yìn rẹ̀, á sì máa gòkè nínú ògiri. Iyọ̀ inú ilẹ̀, ti ṣáláńgá àti ti inú sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ á bá omi náà rìn. Níbi tí omi bá ti gbẹ ni iyọ̀ ti ń dì, á wá máa ti ẹyọ erùpẹ̀ kúrò lára ara wọn. Ohun funfun bí ìyẹ̀fun tí ẹ ń rí lára ògiri nìyẹn. Àìsàn yìí kan náà ló ń jẹ òkúta iyanrìn lára ilé àtijọ́ ní Edinburgh, ní Scotland, níbi tí wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì dí àárín òkúta tí láìmù (ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń fi òkúta ẹfun sísun ṣe, kì í ṣe ti èso) wà tẹ́lẹ̀: sìmẹ́ǹtì dúró, òkúta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń rún.

Oṣù Kọkànlá ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí iṣẹ́ lè parí kí òjò Oṣù Kẹta tó dé.

Ibi tí omi ti ń wọ ògiri ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Aláǹgbá nìkan kọ́ ló ń wọ ògiri tó lanu. Ẹ wo ojú ìṣó lára páànù, ẹ wo ibi tí omi ilé ìwẹ̀ ń gbà. Bí etí páànù kò bá yọ kọjá ògiri tó 60 sẹ̀ǹtímítà, omi òjò á máa ta padà sí ẹsẹ̀ ilé. Ẹ ní kí kápíńtà fà á gùn. Ẹ gé ilẹ̀ kó dà kúrò lẹ́sẹ̀ ògiri, 5 sẹ̀ǹtímítà lórí mítà kan kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán fún mítà méjì. Ẹ má gbẹ́ gọ́tà sí ẹsẹ̀ ògiri gan-an. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí, iṣẹ́ tó kù kò ní pẹ́ lára ògiri.

Ẹ fi oríkèé ìka kan ojú sìmẹ́ǹtì káàkiri. Ibi tó bá dún bí akèrègbè òfìfo ti ṣí. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Ẹ fi òòlù kékeré àti ṣísẹ́lì bó o, mítà kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ má ṣí gbogbo ẹsẹ̀ ilé sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tó bá lẹ̀ pinpin lókè, ẹ fi í sílẹ̀, nítorí bí ẹ bá fi agbára bó o, á ya amọ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀, ẹ rọra bó o dé nǹkan bíi mítà kan sókè. Bí ògiri bá ti jẹ wọnú tó ìdá kan nínú mẹ́ta nínípọn rẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ fi igi ti òrùlé, kí ẹ sì pe ẹnjiníà.

Ẹ jẹ́ kí ògiri gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán. Iyọ̀ á máa yọ síta láàárín ìgbà náà. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbá a. Ẹ kó o dànù jìnnà sí ilé. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, á tún yọ́ padà wọnú ògiri.

Erùpẹ̀ tí ẹ máa lò kò gbọdọ̀ le ju ti ògiri lọ. Èyí tó já bọ́ lára ilé náà dára, bí kò bá ti mu iyọ̀. Ẹ bu erùpẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò tó mọ́ gaara, ẹ bu omi kún un, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Iyanrìn á wà nísàlẹ̀, amọ̀ á wà lókè. Bí amọ̀ bá pọ̀ jù, ògiri á sán. Bó bá kéré jù, á máa rún. Nítorí náà ẹ po oríṣi mẹ́ta: erùpẹ̀ kan sí iyanrìn kan, sí méjì, sí mẹ́ta. Ẹ gé koríko gbígbẹ sí 3 sẹ̀ǹtímítà sí i, ẹ fi ẹsẹ̀ gún un, kí ẹ bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta sí méje. Ẹ fi oríṣi kọ̀ọ̀kan rẹ́ ibi kékeré lára ògiri, kí ẹ wo èyí tí kò sán lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé kí a bu sìmẹ́ǹtì díẹ̀ sí i. A kò gbà bẹ́ẹ̀: ojú àtúnṣe á le ju amọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, etí rẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ là.

Ihò tó bá jìn, ẹ fi búlọ́ọ̀kù amọ̀ gbígbẹ dí i. Ẹ wọ́n omi sí ojú ògiri díẹ̀, kó tutù lásán, kó má ṣàn. Ẹ ju amọ̀ mọ́ ọn, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ìpele kan kò gbọdọ̀ ju 2 sẹ̀ǹtímítà lọ; ẹ ha ojú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó le kí ẹ tó fi òmíràn lé e. Ọyẹ́ ló ń ba ibí yìí jẹ́ jù, torí ó máa ń yára gbẹ ojú amọ̀ nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù. Ẹ fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta.

Bó bá gbẹ tán, láìmù ni kí ẹ fi kùn ún, kì í ṣe ọ̀dà olóróró. Ẹ rẹ láìmù sínú omi mọ́jú, ẹ pò ó kó rí bíi mílíìkì, kí ẹ kùn ún ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọjọ́ kan láàárín ìkùn méjì. Ó máa ń jó ara, ó sì lè ba ojú jẹ́: ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, kí ẹ sì lé àwọn ọmọdé jìnnà.