Bí A Ṣe Ń Kẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Ẹranko: Ara Líle Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Mọ̀

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti rí tí iṣẹ́ yìí dojú rú mọ́ lọ́wọ́, ìwé kọ́ ni wọn kò mọ̀. Wọ́n lè ka àmì àìsàn mẹ́wàá lórí láìmí. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ajá tí nǹkan kan ò ṣe sórí tábìlì, tí a ní kí wọ́n sọ iye ìgbà tí ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìṣẹ́jú kan, àti bóyá iye yẹn dára tàbí kò dára, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn. Gbogbo ọdún tí wọ́n ti lò, àìsàn ni wọ́n fi kọ́. Ìlera ò yé wọn. Nítorí náà, ibi tó bá rọrùn nínú ẹ̀kọ́ yìí, màá fò ó. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń kọsẹ̀, ibẹ̀ ni a ó jókòó sí.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹranko kankan

Mo gbà pé ẹ ti yege nínú ìmọ̀ ẹ̀dá alààyè, kẹ́místrì, físíìsì àti ìṣirò, tí wọ́n sì ti gbà yín wọlé. Ẹ̀kọ́ náà gùn. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ọdún 5 tàbí 6 ni fún ẹni tó wọlé láti girama. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 4 ni, àmọ́ èèyàn á ti kọ́kọ́ lo ọdún díẹ̀ ní yunifásítì kó tó wọ̀ ọ́.

Kí ẹ tó ra ìwé kankan, ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Ẹni tí àmì àrùn yìí bá ti hàn lára rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń yè é, ajá ló sì ń kó o ran èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń pa. Bí ẹ bá tilẹ̀ ti gba abẹ́rẹ́, tí ẹranko bá gé yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti sọ ọ́.

Ní ti ohun èlò, ẹ má náwó púpọ̀. Stethoscope tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n á ṣe iṣẹ́ náà, etí tí a kọ́ ló ń gbọ́ràn. Thermometer oníná kékeré ni kí ẹ rà, kì í ṣe onígíláàsì, nítorí èyí tó bá fọ́ sínú ihò ìdí ẹṣin ti di wàhálà mìíràn. Ẹ wá aago ọwọ́ tó ní ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ má sọ pé fóònù yín ní aago. Nígbà tí ọwọ́ yín bá kún fún ìgbẹ́, ẹ ò ní lè fọwọ́ kàn án. Ẹ̀wẹ̀, ẹ ní ìwé kékeré kan tó lẹ́yìn líle, kí ẹ so pẹ́ńsù mọ́ ọn. Pẹ́ńsù ni o, kì í ṣe báírò, nítorí omi lè ba yíǹkì jẹ́, ṣùgbọ́n kì í fọ pẹ́ńsù.

Fún rírán awọ, ẹ gé fóòmù àlòkù, kí ẹ fi aṣọ tó nípọn bò ó, kí ẹ máa rán an lálaalẹ́ níwájú ìwé tí ẹ ń kà. Ẹ so okùn mọ́ ẹsẹ̀ àga, kí ẹ máa di kókó tó ṣeé tú ní fífà kan ṣoṣo títí ẹ ó fi lè dì í nínú òkùnkùn. Ọjọ́ tí ẹṣin bá ṣubú tí okùn sì wà lọ́rùn rẹ̀ ni ẹ ó mọ ìdí rẹ̀.

Òkú ẹran àti orúkọ egungun

Àṣìṣe ọdún àkọ́kọ́ ni kí èèyàn máa há ẹranko márùn-ún sórí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sí orí tó lè gbà á. Ẹ mú ajá, kí ẹ mọ̀ ọ́n délẹ̀délẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ kọ ibi tí àwọn yòókù ti yàtọ̀ sí i nìkan. Ajá àti màlúù ní eegun ìhà méjì-méjì lọ́nà 13, ẹṣin ní 18. Eyín ajá jẹ́ 42, ti ológbò jẹ́ 30. Màlúù kò ní eyín iwájú lókè. Ẹṣin kò ní àpò òrónro, kò sì lè bì.

Ẹ béèrè ohun tí ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí, kí ẹ má kàn há a sórí lásán. Bí ẹṣin kò bá lè bì, gáàsì àti omi tó bá kún inú rẹ̀ kò rí ọ̀nà àbáyọ, inú náà lè bẹ́. Ìdí nìyẹn tí oníṣègùn fi ń sáré ti ọ̀pá rọ́bà gba ihò imú ẹṣin tí inú ń run. Ẹni tí ó bá ti so méjèèjì pọ̀ kò ní gbàgbé láéláé.

Àyẹ̀wò ara: ẹ fara balẹ̀ níbí

Ibí ni iṣẹ́ náà wà. Nígbà tí mo wà ní ọdún tó kẹ́yìn, wọ́n gbé ajá kan tí ọkọ̀ gbá wá. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti kán, eegun ti yọ síta. Àwa mẹ́rin tó wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn ni gbogbo wa dì mọ́: ẹnì kan ń nù ún, ẹnì kan ń wá báńdéèjì, èmi ń ṣètò oògùn oorun. Kò sí ẹni tó ka mímí rẹ̀. Oníṣègùn àgbà tó wọlé kò tíì fọwọ́ kan ajá náà kó tó mọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo bí ikùn rẹ̀ ṣe ń wọlé nígbà tó yẹ kó yọ, ó ní kí a fi ẹsẹ̀ sílẹ̀. Iṣan tó pààlà sí àárín àyà àti ikùn ti ya, ìfun ti gòkè sínú àyà. Ká ní a ti kun ún lóorun láti to ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, orí tábìlì yẹn ni ì bá kú sí. Ajá náà yè. Láti ọjọ́ náà, ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ kọ́ ni mo kọ́kọ́ ń wò.

Nítorí náà, ẹ ní ètò kan ṣoṣo, kí ẹ má sì yí i padà fún ẹranko kankan. Tèmi nìyí.

Ẹ dúró lókèèrè. Kí ẹ tó súnmọ́ ọn, ẹ wo bó ṣe dúró, bó ṣe ń gbé ọrùn, ibi tó ń wò. Ẹ ka mímí rẹ̀ láti ibẹ̀, nítorí bí ẹ bá ti fọwọ́ kàn án, iye náà ti yí padà, kò sì ní wúlò mọ́. Tí ẹ bá ń súnmọ́ màlúù, ẹ rántí pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ta wá síwájú àti sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹṣin ní tirẹ̀, ẹ̀yìn ló ń ta ẹsẹ̀ sí. Ẹ̀gbẹ́ èjìká ni kí ẹ gbà wọlé, kí ẹ máa sọ̀rọ̀ kí ó lè mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀.

Thermometer ló kàn, kí ẹ tó fi títẹ̀ àti gbígbé dà á láàmú. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí: ojú, etí, imú. Ẹ ṣí ètè, ẹ fi ìka tẹ erìgì títí tí yóò fi funfun, kí ẹ wá yọwọ́. Àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú gbọ́dọ̀ padà kí ìṣẹ́jú-àáyá 2 tó kọjá. Bí ó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ kò lọ dáadáa. Bí erìgì bá funfun, ẹ ronú nípa ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣòfò. Bí ó bá pọ́n bí ìyeyè, ẹ wo ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ń bàjẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọrùn, lẹ́yìn ọrùn ni àyà, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Mo ní méjèèjì, nítorí apá òsì nìkan ni ọ̀pọ̀ ń gbọ́, tí wọ́n á sì kọ ọ́ pé ẹ̀dọ̀fóró dára. Ẹ ka ìlù ọkàn fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ó kéré tán títí ọwọ́ yín á fi mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni ikùn. Lára màlúù, ẹ ti ẹ̀ṣẹ́ bọ kòtò ẹ̀gbẹ́ òsì, lẹ́yìn eegun ìhà tó kẹ́yìn, ẹ ó mọ̀ ọ́n bí ṣàkì ṣe ń yí, ìgbà 1 sí 2 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹran tí ń jẹ àpọ̀jẹ tí ṣàkì rẹ̀ bá dúró, ẹ má fi í sílẹ̀ títí ẹ ó fi mọ ìdí. Ẹsẹ̀, awọ, ìrù àti abẹ́ ìrù ló kẹ́yìn. Ibi tí olówó rẹ̀ tìtorí ẹ̀ gbé e wá, ibẹ̀ ni kí ẹ fọwọ́ kàn kẹ́yìn pátápátá.

Iye tí ẹ ń kà kò ní ìtumọ̀ bí ẹ kò bá mọ ti ẹranko náà. Ìwọ̀n ìgbóná 39.2 lára ajá, kò sí ohun tó ṣe é. Lára ẹṣin àgbà, tó yẹ kó wà láàárín 37.5 sí 38.5, ibà ni. Ọkàn ẹṣin tó ń sinmi ń lù ní nǹkan bí ìgbà 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan, ti ológbò lè jẹ́ 140 sí 220. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ fún ológbò ní oògùn ọkàn nítorí pé ó ka 180, bẹ́ẹ̀ ni ológbò náà ò ní àìsàn kankan ju ìbẹ̀rù lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ yẹ ẹranko 100 tí ara wọn le wò kí ẹ tó parí ẹ̀kọ́. Ẹranko 100 lójú ìwé pẹ́ńsù yẹn: irú rẹ̀, ọjọ́ orí, ìgbóná ara, mímí, ìlù ọkàn, àwọ̀ erìgì. Ajá ọ̀rẹ́ yín, ológbò aládùúgbò, àwọn màlúù tó ń dúró de fífún wàrà. Ẹ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ olówó wọn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú 10 lọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò tíì rí ẹni tó ṣe é dé 100 tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní ilé ìwòsàn.

Ìṣirò oògùn

Ìlànà rẹ̀ kò le. Ẹ fi iye mílígíráàmù tó tọ́ sí kílò kan sọ ìwọ̀n ẹranko di púpọ̀, kí ẹ wá fi iye mílígíráàmù tó wà nínú mílílítà kan pín in. Ibi tó ti ń pa ẹran ni àmì 5% tó wà lára ìgò. Àwọn kan ń rò pé mílígíráàmù 5 nínú mílílítà kan nìyẹn. Rárá. Gíráàmù 5 nínú mílílítà 100 ni, ìyẹn mílígíráàmù 50 nínú mílílítà kan. Ẹ wò ó lára ajá kílò 12 tó yẹ kó gba mílígíráàmù 5 fún kílò kọ̀ọ̀kan: àpapọ̀ rẹ̀ 60, ẹ pín in sí 50, mílílítà 1.2 ni. Ẹni tó bá ṣi àmì náà kà á fa mílílítà 12, ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ fi òdo kan kún un: 2% di 20, 10% di 100. Mo ń kọ ọ́ sára ìgò fúnra mi lọ́jọ́ tí mo bá ṣí i, mo sì ń ní kí ẹlòmíràn tún ìṣirò náà ṣe láìwo tèmi.

Ẹ má ṣe gbé oògùn ẹranko kan fún òmíràn. Paracetamol ń pa ológbò. Permethrin tí a ń dà sẹ́yìn ajá nítorí eégbọn ń pa ológbò bákan náà. Monensin tí wọ́n ń fi sínú oúnjẹ màlúù àti adìyẹ ń ba ọkàn ẹṣin jẹ́. Àwọn ajá collie kan wà tí ivermectin, oògùn aràn, tó pọ̀ máa ń ba ọpọlọ wọn jẹ́ nítorí àbùdá tí wọ́n jogún. Bí ẹran náà bá sì jẹ́ èyí tí a ó jẹ tàbí tí a ó fún wàrà rẹ̀, ẹ ka iye ọjọ́ ìdádúró (ọjọ́ tí a kò gbọdọ̀ jẹ ẹran náà tàbí mu wàrà rẹ̀ lẹ́yìn oògùn) lára ìgò, kí ẹ kọ déètì tí yóò parí fún olówó rẹ̀. Ẹ má fi ẹnu lásán sọ ọ́.

Olówó ẹran

Ẹ kí i kí ẹ tó kí ẹran rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sọ ohun tó rí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè: ìgbà wo ló jẹun gbẹ̀yìn, ìgbà wo ló tọ̀, ìgbà wo ló yàgbẹ́. Akọ ológbò tó ń gìn tí nǹkan kan ò jáde, olówó rẹ̀ á ní àìrígbẹ́yà ni. Ẹ fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Bí ilé ìtọ̀ bá le bí bọ́ọ̀lù, ìtọ̀ ló há, kò sì ṣeé fi sílẹ̀ di ọ̀la.

Kíláàsì tí wọ́n ń sá fún

Àyẹ̀wò ẹran pípa àti àrùn agbo ẹran ni. Nítorí àrùn tó ń pa màlúù nípakúpa ni wọ́n ṣe dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, lábẹ́ Claude Bourgelat ní 1761. Ọdún 2011 ni wọ́n kéde pé rinderpest, tí í ṣe olórí àwọn àrùn yẹn, ti tán láyé. Ẹ lọ sí kíláàsì náà, tí ẹ kò bá tiẹ̀ fẹ́ tọ́jú ju ajá lọ. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti kọ́ pé màlúù tó ṣàdédé kú, tí ẹ̀jẹ̀ dúdú tí kò dì ń jáde ní imú àti ìdí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ là á. Ó lè jẹ́ anthrax, àrùn burúkú tó ń ran ènìyàn.

Láti yunifásítì sí ẹnu iṣẹ́

Ẹ fi ìsinmi yín ṣiṣẹ́ lẹ́yìn oníṣègùn: ọ̀kan tó ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn, ọ̀kan tó ń tọ́jú ajá àti ológbò. Ẹ máa nu ilẹ̀ bí wọ́n bá ní kí ẹ nù ún. Ìwé ẹ̀rí nìkan kò tó. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ náà, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìdánwò, kí ẹ tó lè fọwọ́ sí oògùn. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ ní ọdún kan ṣáájú, nítorí àwọn ìwé kan máa ń pẹ́ kó tó jáde.

Ẹni bá fẹ́ gbà yín síṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹ bi í ní ìbéèrè kan kí ẹ tó bi í nípa owó oṣù: ní aago 2 òru, tí mo bá dá wà pẹ̀lú màlúù tí ọmọ há sí nínú, ta ni mo máa pè? Bí kò bá lè dárúkọ ẹnì kan, ẹ wá ibòmíràn.